Ológbò Tí Màríyámọ̀ Sọ Lórúkọ

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ilé wa ní Ketu, ẹ kàn bèèrè ilé ológbò. Wọn á júwe ẹ̀ fún yín láti ìdí mọ́ṣáláṣí dé ẹnu ọ̀nà wa, wọn á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ló ń dun Màríyámọ̀. Èmi mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni máṣìnnì ìránṣọ mi wà, nínú kọ́rídọ̀ gan-an, kò sì sí ohun tó gba kọ́rídọ̀ yẹn kọjá tí kò gba etí mi. Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà, kí lẹ fẹ́ kó ṣe, ṣé kó fi òwú di etí ni?

Ìyá Mutolib ni gbogbo ilé ń pe Màríyámọ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ̀, ẹgbẹ́ ni wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá orúkọ ẹ̀ lé ẹnu. Ata ló ń tà ní Mile 12: rodo, ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé. Ní kùtùkùtù, kí àwọn tó lọ kírun tó padà délé, ó ti wà nídìí ọkọ̀ tó kó ata dé láti òkè Ọya. Kì í wo ojú apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ló máa ń kì bọ̀ ọ́ títí dé ìdí, torí àwọn tó ń di apẹ̀rẹ̀ máa ń to èyí tó rẹwà sókè, wọn á fi èyí tó ti rà sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ata rẹ́ ẹ jẹ. Ọkọ ẹ̀ ti kú tipẹ́, ata yẹn ló fi rán Mutolib, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, lọ síléèwé ní Ìlọrin. Ó mọ ata. Ìmọ̀ ata yẹn náà ló sì kó bá a, ẹ máa gbọ́ ọ.

Kì í ṣe èèyàn burúkú o, mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Lọ́dún tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀, òun ló ń bu ọbẹ̀ wá fún mi, òun ló ń fọ àwọn aṣọ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ni nídìí gbígbé ọ̀rọ̀ mì. Tí nǹkan bá dùn ún, kò ní sọ ọ́ fún ẹni tó ṣe é. Á gbé e mì, á wá máa pọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ìyá tó bí i gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ó sì ní ata kan níbẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn rí. Ata wẹ́wẹ́ ni, ara ẹ̀ hunjọ bí ojú arúgbó, tó bá ti pọ́n, àwọ̀ ẹ̀ á dà bí epo pupa. Kò ta jù, òórùn ẹ̀ ni nǹkan. Tí Màríyámọ̀ bá fi méjì péré sí ọbẹ̀, gbogbo wa nínú kọ́rídọ̀ la máa mọ̀, àwa tá a ti jẹun yó á tún máa dá itọ́ mì. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ẹbí ta oko, ẹni tó rà á sì gbé katakata wá, ó tú gbogbo ẹ̀ dà nù. Ohun tó ṣẹ́ kù lórí ilẹ̀ ayé nínú ata ìyá Màríyámọ̀ ni ẹ̀kúnwọ́ kan tó ti gbẹ, tó dì sí etí gèlè ìyá ẹ̀, tó fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọdún tí gbogbo Èkó ń ra Nokia onítọ́ọ̀ṣì ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀, Màríyámọ̀ tú gèlè náà. Ó ní kóró ata yẹn ti ń gbó, tóun ò bá gbìn ín lọ́dún yẹn, kò ní hù mọ́. Ó da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, “Fi díẹ̀ pamọ́.” Ó ní, “Súmbọ̀, ìwọ aránṣọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ata?” Mo ní ó dáa, mo dá ẹsẹ̀ mi padà sórí máṣìnnì.

Inú yàrá ló gbìn ín sí, torí kò síbi tó lè gbìn ín sí níta. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá wa, níbi tí kò sì sí sìmẹ́ǹtì, àwọn adìẹ Bàbá Fáṣínà ti fẹsẹ̀ tan ibẹ̀. Bàbá Fáṣínà ni àgbàlagbà tó ń bá lánlọ́ọ̀dù mójú tó ilé. Màríyámọ̀ la kẹ́ẹ̀gì sí méjì, ó kó agolo mílíìkì jọ, ó mú páànù ìdín-ǹkan tó ti lu, ó bu erùpẹ̀ dúdú wá láti ẹ̀bá odò ní Àgìlìtì, ó tò wọ́n sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Àgìlìtì ti ṣèlérí ebè kan fún un. Tí àwọn ọmọ ata náà bá ti lágbára, ibẹ̀ ló fẹ́ kó wọn lọ.

Wàyí o, ọmọ ata ń fẹ́ oòrùn. Fèrèsé onípákó ni ti yàrá wa, tí ẹ bá tì í, òkùnkùn ni. Ẹ ò sì lè ṣí i sílẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ lọ sọ́jà, olè ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bá bẹ́ẹ̀dì yín nílẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò máa ṣí i lọ́sàn-án, tí yóò wọ́n omi, tí yóò sì tún tì í. Èmi tí mo wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, èmi ló yẹ kó fún ní kọ́kọ́rọ́, àbí? Ó ní rárá, ó ní ẹnu mi pọ̀, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ni Ketu máa mọ̀. Mo bínú o, mo bínú gidi. Bridget ló wá gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún.

Yàrá Bridget ló kọjú sí ti Màríyámọ̀. Ọmọ Warri ni bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìfákọ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ṣì ń gbé, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ni wọ́n ń yan búrẹ́dì, àárọ̀ ni Bridget ń wálé wá sùn. Nítorí ata Màríyámọ̀, ọmọbìnrin yẹn á jí láàárín oorun, ojú ẹ̀ á pọ́n, á wọ́ sílípáàsì kọjá níwájú mi, á ṣí yàrá, á ṣí fèrèsé, á wọ́n omi. Nígbà tí ata náà kọ́kọ́ hù, ó dúró de Màríyámọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, “Mummy, ẹ kú oríire o, àwọn ọmọ yín ti jáde.” Inú Màríyámọ̀ dùn débi pé ó hú méjì fún un nígbà tí wọ́n yọ ewé kejì, ó ní kó lọ fún ìyá ẹ̀. Bridget gbìn wọ́n sínú ike ọ̀dà, ó gbé e lọ sí Ìfákọ̀. Àwa méjèèjì gbàgbé méjì yẹn pátápátá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Màríyámọ̀ ti ọjà dé, mo kàn gbọ́ “Yéè!” Mo sáré wọlé. Gbogbo ọmọ ata tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan ti gé mọ́lẹ̀, gé-ń-gé, bí ẹni fi bíléèdì gé e. Ìdí wọn nìkan ló kù nínú ilẹ̀.

Mo ní, “Eku ni.”

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. “Eku? Súmbọ̀, eku kì í jẹ ata! Láti ìgbà tí mo ti ń tajà ní Mile 12, eku ń jẹ iṣu, eku ń jẹ tòmátì, eku ń jẹ ẹ̀wà, ó jẹ bàtà Alájà Bàrákátù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí eku bá dé ìdí àpò ata, ńṣe ló máa yà bàrá.”

Mo ní, “Ṣé ewé ọmọ ata máa ń ta lẹ́nu ni? Fi ewé yẹn sẹ́nu kó o tọ́ ọ wò.”

Kò tọ́ ọ wò. Ṣé ẹ rí i, ìyẹn lohun tó ń múnú bí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ó fi ewé kan péré sẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Bàbá Fáṣínà gan-an gba ọ̀nà kọjá, ó ní kó fi nẹ́ẹ̀tì bo àwọn abọ́ náà, kó sì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó pòṣé lẹ́yìn bàbá náà. Ó ní àwọn tí ò ta ata rí ló fẹ́ máa kọ́ òun.

Kẹ́ẹ̀gì kejì tún lọ bẹ́ẹ̀. Màríyámọ̀ wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ló ń wọ yàrá mi?”

Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo ní, “Màríyámọ̀, má dán an wò.”

“Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣé ìwọ náà ò gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́sí? Ó ní, ‘Mummy, oorun mi ni ata yín ń jẹ o.’ Ṣé kò sọ ọ́ lójú ẹ?”

“Ọmọ náà ń bá ẹ ṣàwàdà ni!”

“Inú àwàdà lòótọ́ ń gbé.”

Mo ní, tó bá dá a lójú, kó pe Bridget kó bi í léèrè. Ó ní òun ò ní bi ẹnì kan ní nǹkan kan, kó má sẹ́ mọ́ òun lójú. Mo ní, ó dáa, gba kọ́kọ́rọ́ ẹ. Kò gbà á. Tó bá gba kọ́kọ́rọ́, ta ló máa bá a ṣí fèrèsé? Ẹ gbà mí o! Obìnrin yìí gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé Bridget ló ń pa ata ìyá òun, ó sì ń fi ata náà sílẹ̀ fún Bridget lójoojúmọ́, torí ó ń fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, tẹ́nu ò bá lè sọ ọ́, ẹran ọ̀sìn á bá a sọ ọ́. Ìyá tèmi sin ajá kan nítorí ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ayé-le. Ìyàwó náà ra ewúrẹ́, ó sọ ọ́ ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi. Àwọn méjèèjì ò bú ara wọn rí o, ajá àti ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè mọ́ ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí Màríyámọ̀ wá gbé ọmọ ológbò kan dé láti ìdí àwọn oníṣu ní Mile 12, gbogbo ilé ní ó ṣeun, eku rí ogun. Èmi nìkan ni mo bi í pé, “Ṣé o ti wá gbà pé eku ni?”

Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé torí eku ni?”

Ó dúró dìgbà tí Bridget ń ti ilẹ̀kùn kó lọ síbi iṣẹ́. Ó bọ́ sáàárín kọ́rídọ̀, ó gbé abọ́ ẹja ṣáwá dání. “Ọ̀rẹ́-ò-dénú!” Báyìí ló ṣe fà á. “Ọ̀rẹ́-ò-dénú o! Wá jẹun! Mo ṣílé fún ẹ, mo fojú ọmọ wò ẹ́, o wá ń fi èékánná ha mí lẹ́yìn!”

Ọwọ́ Bridget dúró lára àgádágodo. Ó wo ológbò, ó wo Màríyámọ̀, ó wo èmi. Kò sí ohun tí kò yé e níbẹ̀. Ó ní, “Ó dàárọ̀, Mummy,” ó sì lọ síṣẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ń wò títí tó fi yà ní géètì.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Màríyámọ̀ ò pe ológbò yẹn. Kó lè máa yára dáhùn, ẹja ló fi ń kọ́ ọ: tó bá pè é, á ju ẹja sí i. Ológbò náà gbọ́n, kò pẹ́ tó mọ orúkọ ẹ̀, ibi yòówù kó wà, tó bá ti gbọ́ “Ọ̀rẹ́-ò-dénú”, eré ni. Ó sanra, ó ń dán. Ẹ wá sọ fún mi, ológbò tó ń jẹ ṣáwá lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi eku ṣe? Agolo mílíìkì náà ń dín kù. Ó tiẹ̀ wá ń burú sí i, torí yàtọ̀ sí pé wọ́n ń gé ata, àwọn kan á tún tú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, erùpẹ̀ á fọ́n sórí tábìlì. Màríyámọ̀ ní, “Ṣó o rí i? Èyí tú u tọwọ́tọwọ́. Eku ń tú nǹkan bẹ́ẹ̀?”

Bridget ò sì dẹ́kun àtiṣí fèrèsé náà. Ìyẹn lohun tí mi ò lè gbàgbé. Ọ̀sán á dé, á jí, á wọ́ sílípáàsì ẹ̀ kọjá, á ṣí i, á wọ́n omi, á jáde. Lọ́jọ́ kan ó dúró tì mí. “Aunty Súmbọ̀, ológbò yẹn, ṣé èmi ni?”

Mo ní, “Bi ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.”

Ó ní, “Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ń fún mi lọ́bẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kó wọlé yìí.” Ó padà lọ sùn. Tàbí kó jẹ́ pé kò sùn, èmi ò mọ̀.

Ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ tú jáde jẹ́ Sátidé ìparí oṣù, Sátidé ìmọ́tótó, tẹ́nikẹ́ni kì í jáde títí tí àkókò á fi lọ. Gbogbo ilé wà ní àgbàlá, wọ́n ń kó gọ́tà, wọ́n ń gbálẹ̀. Bridget náà ti iṣẹ́ dé, kò tíì sùn, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Àfi bí Màríyámọ̀ ṣe já síta, ìbòrí ò sí lórí ẹ̀, ó gbé páànù ìdín-ǹkan yẹn lọ́wọ́. Páànù yẹn nìkan ló kù tí ọmọ ata ṣì pọ̀ nínú ẹ̀, ibẹ̀ ló fi gbogbo ìrètí ẹ̀ sí. Erùpẹ̀ inú ẹ̀ ti dojú dé, àwọn ọmọ ata ti rọ sórí ara wọn.

“Kí ni mo fi ṣe ẹ́?” Bridget ló kọjú sí tààrà. Ọ̀rọ̀ tí ológbò ti ń bá a sọ láti ọjọ́ yìí, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. “Bridget, kí ni mo fi ṣe ẹ́ tó o fi pa ata ìyá mi? Òkú ìyá mi ṣe ẹ́ ní nǹkan kan? Ìkà! Ìkà ni ẹ́!”

Bridget ò pariwo. Ó ní, “Mummy, ẹ jẹ́ ká wọlé. Kí gbogbo èèyàn wọlé. Mo fẹ́ kí wọ́n wo ibi tí ẹ ní mo ti ń ṣe é.”

Bàbá Fáṣínà ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà dáa. La bá wọ́ wọlé, àwa tí yàrá gbà, àwọn yòókù na ọrùn lẹ́nu ọ̀nà. Màríyámọ̀ gbé páànù náà padà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo méjì tó kù. Ó ń fọwọ́ júwe, ó ń ṣàlàyé bí ọwọ́ èèyàn ṣe wọ̀ ọ́. Ẹnu ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà tí Ọ̀rẹ́-ò-dénú gba àárín ẹsẹ̀ wa wọlé. Ó fò sórí tábìlì. Ó bọ́ sínú páànù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa erùpẹ̀ yẹn, wàrà-wàrà, ata ń fò sọ́tùn-ún, ata ń fò sósì. Ó wá lóṣòó. Ó tẹjú mọ́ gbogbo wa, ó sì ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ lọ láìmikàn. Nígbà tó ṣe tán, ó fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹ wo ẹ̀rín! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Bridget nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, àti Màríyámọ̀.

Màríyámọ̀ ṣì fẹ́ gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Àwọn tí wọ́n gé kí n tó ra ológbò ńkọ́?”

Ká ní ó mọ̀ ni, kì bá tí bèèrè. Bàbá Fáṣínà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fa Ghana-Must-Go kan jáde, èyí tí Màríyámọ̀ kó àwọn léèsì ẹ̀ sí. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀. Ó ṣí i. Eku ńlá kan ta jáde, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, igbe ta, Ọ̀rẹ́-ò-dénú jókòó sórí tábìlì, ó ń lá ọwọ́ ẹ̀. Nínú báàgì, eku ti fi eyín ya léèsì aláwọ̀ ewé kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi ṣe bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ ẹ̀ pupa-pupa sùn sínú ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, igi ọmọ ata tó ti gbẹ ló wà níbẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan, pẹ̀lú ewé tí wọ́n jẹ kù.

Bàbá Fáṣínà nà án sí i. “Màríyámọ̀, eku tìẹ ń jẹ ata o.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màríyámọ̀ mú igi ata náà lọ́wọ́ bàbá, ó ń wò ó, ó ń wò ó. Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò rí ojú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ kú. Ó gbójú sókè láti wá Bridget. Bridget ti jáde.

Ìtìjú wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì rí ìtìjú tí ẹ bá ní ẹ ti rí i. Màríyámọ̀ tí ohùn ẹ̀ ń ti géètì wọlé ṣáájú ẹ̀, ó wá ń yọ́ rìn bí ẹni jalè. Ó ń fi ìbòrí bo ojú dé imú. Ó ń jí wẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Tó bá gbọ́ sílípáàsì Bridget, á padà sínú yàrá á sì ti ilẹ̀kùn. Ní ọjà, ẹnìkan ti gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀, àwọn oníṣu ń bi í pé báwo ni ológbò àwọn.

Ológbò yẹn gan-an ló wá burú jù. Ó fẹ́ pa orúkọ ẹ̀ dà. Ó pè é ní Mùsù, kò wò ó. Ó pè é ní Púùsì, ó kọ̀yìn sí i. Orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀, ẹja ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé sì ń pè é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, “Ọ̀rẹ́-ò-dénú! Ọ̀rẹ́-ò-dénú!”, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pè é, mo máa ń rí i tí orí Màríyámọ̀ ń lọ sílẹ̀. Ó ti dẹ pàkúté onígọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún eku, ó ti mú gbogbo wọn tán, yàrá ẹ̀ mọ́ fefe, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ gbìn? Kóró kan ò kù. Ó ní, “Súmbọ̀, mo ti pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì.” Ó sunkún níwájú máṣìnnì mi.

Ó bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ Bridget. Mo ní mi ò lọ. Mo ní, “Ẹnu tó o fi pe ológbò ni kó o fi bẹ̀ ẹ́.” Bóyá mo le jù, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Àìmọye ìgbà ló dé ẹnu ọ̀nà Bridget tó gbé ọwọ́ sókè kó kan ilẹ̀kùn, á tún ṣẹ́rí padà. Ó wá din ẹja, ó fi ọmọ kan rán an. Bridget gbà á, ó ní kó kí Mummy, ó ṣeun. Ó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń já ẹja náà fún ológbò díẹ̀díẹ̀, ó ń pè é jẹ́jẹ́, “Ọ̀rẹ́-ò-dénú, jẹun.” Kò fi bú ẹnikẹ́ni o, orúkọ ológbò ló kàn pè. Mo mọ̀ pé Màríyámọ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, torí mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Màríyámọ̀ ti ọjà dé, ó bá ọ̀rá dúdú kan tí wọ́n so kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀. Ó tú u. Òórùn náà dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó rí nǹkan. Ata wẹ́wẹ́, tó hunjọ, tó ní àwọ̀ epo pupa. Ata ìyá ẹ̀! Méjì tó fún ìyá Bridget ti so ní Ìfákọ̀ nínú ike ọ̀dà. Màríyámọ̀ gbé e sí imú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó wá ki ọwọ́ bọ ọ̀rá náà dé ìdí, bó ṣe máa ń ṣe sí apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Nísàlẹ̀ ata náà ni ọwọ́ ẹ̀ ti bá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀, èyí tó gé fún Bridget.

Ẹ̀rín náà dúró.

Ó tún gbìn ín. Lọ́tẹ̀ yìí ó di ìlàjì kóró sí etí gèlè ìyá ẹ̀. Bàbá Fáṣínà kan àpótí kan fún un, ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo gbogbo ara ẹ̀, eku ò lè wọ̀ ọ́, ológbò ò lè wọ̀ ọ́. Ata náà hù. Ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní títì láti àárọ̀ tó bá ti lọ sọ́jà títí ó fi máa dé, àwọn ọmọ ata náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, wọ́n ń na ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà wá bá mi. Ó ní, “Súmbọ̀, jọ̀ọ́.”

Mo ní mi ò gbà á. Mo ní ẹnu mi pọ̀.

Ó wá kọjá lọ síwájú ilẹ̀kùn Bridget. Ìrọ̀lẹ́ ni, Bridget ti ń múra iṣẹ́. Ológbò náà tẹ̀ lé e, ó ń fi ara ra á lẹ́sẹ̀. Màríyámọ̀ kan ilẹ̀kùn.

“Ta ni?”

Mo rò pé ó tún máa padà.

“Ta ni yẹn?”

Màríyámọ̀ ní, “Èmi ni.” Ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa, ó tún un sọ. “Èmi ni. Èmi Ọ̀rẹ́-ò-dénú.”

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣìnnì. Ológbò tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ ń ké mìáò, ó ń wá ẹja. Ilẹ̀kùn wá ṣí díẹ̀, ọwọ́ Bridget yọ síta, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Màríyámọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i, kò lè gbójú sókè.

Bridget ní, “Mummy, ẹ máa pọn omi sílẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà.”